Oríkì Áńpù Olówó Pọ́ọ́kú

Ìbà bátìrì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbà alternator tí ń ṣiṣẹ́ bọ́ gbogbo ilé. Ìbà ẹ̀yin ríwáyà tí ẹ ń fà waya láti Ìyànà Ìpájà dé Ẹgbẹ́dá. Ìbà ẹ̀yin kọ̀ǹdọ́ tí ẹ ń pe Ìkọ̀tún, tí ẹ ń pe Ìgàndò, tí ohùn yín kò lo iná. Ẹ yọ̀ǹda ọ̀nà fún mi, mo fẹ́ ki ọba tuntun. Bí mo bá kì í tì lágbede méjì, ẹ má bú mi: ẹni tí mò ń kì gan-an a máa dákẹ́ láàárín orin.

Kábíyèsí!
Áńpù inú búùtù, ọkọ búfà,
A-kọ-5000-sáyà-kò-sẹ́ni-tó-kà-á.
Ọ̀-dún-lọ́jà-má-dún-nílé.
Olówó pọ́ọ́kú tí ń jẹ́ orúkọ olówó ńlá.
Aláṣọ iná búlúù, a-tàn-yanran-má-ríran.
Ọba tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò,
Tó ní kí iná iwájú máa dọ̀bálẹ̀ nígbàkigbà tí ìlù bá dún.

Ká ti orí oyè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ọ láyà: 5000 wáàtì. Oyè ńlá ni! Lórí bátìrì 12 fólítì, ẹni tó bá ń jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ iná tó ju 400 áńpíà lọ. Alternator Corolla tí wọ́n gbé ọ sí kì í sábàá pèsè ju 80 sí 100 lọ, ó sì ní fìtílà, fáànù àti ẹ́ńjìnì tó ń bọ́. Kábíyèsí, Corolla mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ì bá máa tò tẹ̀ lé ọ bó o bá ń ré kọjá ní Dópẹ̀mu. Ẹyọ kan lo bá wá, tòun ti bátìrì tọ́kunbọ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ọba!

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, a kì í ki èèyàn ká má kan ìran rẹ̀. Mo ní kí n wo orílẹ̀ rẹ. Mi ò wo iwájú, ibẹ̀ ni oyè pọ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ ni mo yà sí, níbi tí waya ń gbà wọlé. Mo bá fíúsì kékeré kan níbẹ̀, wọ́n kọ 25 sí i.

Ọmọ Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n!
Ọmọ fíúsì tí kì í gba rìbá.
Ọmọ arókin tí kò mọ irọ́ pa.

Fíúsì 25 kò ní gba ju áńpíà 25 lọ kó pẹ́ kó má jó. Bí mọ́tò bá wà lórí iná, fólítì á tó 14. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 350 wáàtì ló lè wọ inú rẹ. Bó o bá jẹ́ class AB, bí ọ̀pọ̀ nínú ìran rẹ, ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ á di ooru. Ohun tó kù fún búfà á jẹ́ nǹkan bíi 200. Bó o tilẹ̀ jẹ́ class D tí kì í fi iná ṣòfò, 300 lòpin ìjọba rẹ. Mo wá ń bi àwọn ìjòyè léèrè: 4,700 yòókù dà? A tú ara rẹ wò, a bá bọ́ọ̀dù kékeré kan ní kọ̀rọ̀, a sì bá àyè ńlá níbi tó kù. Ààfin wà, kò sí ayaba, kò sí ẹmẹ̀wà.

Àwọn ojúgbà rẹ kan wà tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Láti 2003 ni ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ti fi ìlànà CEA-2006 lélẹ̀: kí a wọn áńpù lórí 14.4 fólítì àti 4 óòmù, kí ìdàrú ohùn má sì ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Iye tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ RMS sí nídìí. Ìwọ kọ MAX. Kò sẹ́ni tó lè bá ọ dé ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí oníbàárà bá ti ń yí páálí rẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún tó ń wá RMS, o mọ̀ pé ìtàn ìdílé ló ń wá. O bá tan iná búlúù sí i lójú.

Ọjọ́ ìwúyè rẹ, Ìyànà Ìpájà mì. Ríwáyà ni afọbajẹ, ó sì ń kánjú. Waya tó gbé iná láti bátìrì wá sọ́dọ̀ rẹ sanra lójú, rọ́bà ló pọ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà pa lára, iná tó lè gbé kò tó ti kọ́pà gidi. Ìlànà ni pé kí fíúsì kan tún wà nítòsí bátìrì, kó má jìnnà ju 45 sẹ̀ǹtímítà, torí bí waya bá bó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó sì kan irin, iná ló máa sọ. Wọ́n ní èyí tó wà lára rẹ ti tó, wọ́n fi owó yẹn ra mínírà. Waya dúdú tó yẹ kó kan irin mọ́tò ní tààrà, orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́, wọn ò ha ọ̀dà kúrò. Waya tí ń gbé orin bọ̀ láti rédíò, wọ́n dì í pọ̀ mọ́ waya iná, ìgbéyàwó tí ẹbí méjèèjì ì bá kọ̀. Látìgbà náà, bí dẹrẹ́bà bá tẹ iná, o ń ké. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ohùn rẹ a wálẹ̀. A-sunkún-tẹ̀lé-ẹ́ńjìnì!

Ó ku waya búlúù, akéde rẹ. Òun ló yẹ kó máa gbọ́ lẹ́nu rédíò pé ó tó àkókò láti jí, pé ó tó àkókò láti sùn. Wọ́n so ó mọ́ bátìrì tààrà. Ọ̀gá sùn, ìyàwó sùn, àdúgbò sùn, ìwọ nìkan lojú rẹ là. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, mọ́tò kò jí mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló tì í dé títì.

Ọdẹ òru tí ń jẹ bátìrì onílé.
A-mú-ọ̀gá-fẹsẹ̀-rìn-lọ-síbi-iṣẹ́.
Ọ̀rẹ́ àwọn tí ń sọ bátìrì dọ̀tun.

O wá jáde síta, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀gá fi fújì Pasuma sí i. Bọ́tìnì kékeré kan wà tí wọ́n kọ gain sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ohùn rédíò bá tìrẹ dọ́gba. Ọ̀gá rò pé fólúùmù ni, ó yí i dé òpin. Orí ìgbì orin bá di pẹrẹsẹ, waya inú búfà bá ń gbóná, òórùn jíjó bá ń jáde. Ó yẹ kí wọ́n gé ohùn sí nǹkan bíi 80 Hz kí ìlù nìkan lè wọ búfà, wọn ò gé e. Olórin wá ń bẹ̀bẹ̀ nínú búùtù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn mọ́tò ló ń jó jù. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, kọ̀ǹdọ́ kan ké ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, “Ìkọ̀tún wọlé!” Ó borí rẹ, kò sì sí wáàtì kankan láyà rẹ̀.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó kékeré ló pa tìrẹ, n kò ní fi ìyẹn bú ọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé 200 kì í ṣe oyè ìtìjú. Búfà ínǹṣì 10 kan nínú àpótí tó dí pinpin, waya kọ́pà, irin tí wọ́n ha dáadáa, 200 wáàtì gidi á mi Corolla láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù. Ká ní o kọ 200 sáyà ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Kí fíúsì rẹ má já níwájú àna. Kí èéfín rẹ má ṣáájú orin rẹ. Kí ẹni tí yóò rà ọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá má mọ RMS.

Ó tán lẹ́nu mi, ó ku ti ọwọ́ rẹ. Kábíyèsí, bó o bá fẹ́ fún arókin lówó, jọ̀ọ́, má wo fíúsì o. Iye tó wà láyà rẹ ni kó o kà fún mi.