Sí Ọ̀gá Python tí Àlàfo Kan Ṣoṣo Dá Dúró

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọ̀gá Python, ọ̀gá JavaScript, ìwọ tí o máa ń sọ fún wa nígbà ọdún Kérésì pé kò sí kọ̀ǹpútà tí o máa bá sọ̀rọ̀ tí kò ní dá ọ lóhùn. Mo gbọ́ pé báǹkì tó gbà ọ́ síṣẹ́ lókè òkun gbé ọ jókòó síwájú mainframe, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá wọn, wọ́n ní kí o kọ́ JCL tí a fi ń pàṣẹ iṣẹ́ fún un, àti pé láti ìgbà náà, òru nìkan ni o ń gbé fóònù mi. Ìta gbangba ni mo ti fẹ́ fún ọ lésì, kí àwọn ọ̀rẹ́ tí o ń yangàn sí lè bá mi rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ. O ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ lójú kọ̀ǹpútà, o fi ránṣẹ́ sí mi, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí ti ya wèrè. Mo wò ó. O kọ DSN, o kọ orúkọ fáìlì, o fi kọ́mà sí i, gbogbo rẹ̀ dára. O wá fi àlàfo kan sílẹ̀ kí o tó kọ DISP, torí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé nìyẹn, pé lẹ́yìn kọ́mà kí o fi àlàfo sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè dùn ún wò. JCL kò mọ ohun tó ń jẹ́ dídùn-ún-wò. Ní tirẹ̀, ibi tí àlàfo bá ti wọ àárín ọ̀rọ̀ ni àṣẹ parí sí. Ohunkóhun tí o bá kọ lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà yẹn, àlàyé lásán ni, kódà bí àdúrà lo kọ síbẹ̀. Ó rí kọ́mà rẹ, ó gbà pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nílẹ̀, ó lọ wo ìlà tó kàn, kò bá ìyókù ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó wá sọ fún ọ pé òun retí ìtẹ̀síwájú, òun kò rí i gbà. Ta ni wèrè nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni NOTIFY. Iṣẹ́ ẹlòmíràn lo dà kọ, o pààrọ̀ orúkọ fáìlì, o gbàgbé orúkọ ẹni tí ẹ̀rọ máa jábọ̀ fún. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ rẹ bá ṣubú, màmá tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yín, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ni ìròyìn ń lọ bá. Òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ìwọ tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé tíì wá fún ọ, o sì rò pé ìwà rẹ ló wù ú! Kọ &SYSUID síbẹ̀, kí ìtìjú rẹ lè máa wá bá ọ nídìí tábìlì tìrẹ.

Mi ò bá ọ wí pé o dà á kọ o. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ṣàwàdà pé JCL kan ṣoṣo ni ọmọ aráyé jókòó kọ rí, pé ìyókù, àdàkọ rẹ̀ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé o dà á kọ láìkà á.

O tún wá ń fi Fred Brooks halẹ̀ mọ́ mi. O ní ọkùnrin tó darí iṣẹ́ OS/360 ní IBM fúnra rẹ̀ sọ pé JCL ni èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà tó burú jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe níbikíbi, àti pé abẹ́ àkóso òun ni wọ́n ti ṣe é. Òótọ́ ni. Brooks, tó kú ní 2022, kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò rárá. Ṣùgbọ́n o kò ka àlàyé rẹ̀ dópin. Ohun tó ní ó fà á ni pé àwọn tó ń ṣe é kò kà á sí èdè. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe ò ju káàdì ìdarí díẹ̀ lọ. Èmi ní tèmi gbà pé ojú tí wọ́n fi wò ó nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Bí a bá pe JCL ní èdè ìṣètò, gbogbo èébú tó o bú u tọ́ sí i, torí kò ní lúùpù, orúkọ iṣẹ́ tàbí ti ìgbésẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. Àmọ́ ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní sí nítòsí nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ.

Ọdún 1964 ni IBM kéde System/360, ìdílé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe OS/360 àti JCL rẹ̀ fún. Nígbà yẹn, orí káàdì pépà ni ènìyàn ń lu iṣẹ́ rẹ̀ sí, káàdì olópòó 80 tí IBM ti ń lò láti 1928. Òpó kìíní àti ìkejì ni // máa ń wà. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ lórí òpó kẹta. Àṣẹ kò gbọdọ̀ kọjá òpó 71. Òpó 73 dé 80 wà fún nọ́ńbà, kí ẹni tí káàdì bá dà nù mọ́ lọ́wọ́ lè tò wọ́n padà. O máa gbé ìdì káàdì rẹ fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, o máa lọ sílé, ó dọ̀la kí o tó gba èsì. Lónìí, kò sí ẹni tó ń lu káàdì mọ́, ojú kọ̀ǹpútà lo ti ń tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ tí o bá kọjá òpó 71, wàhálà dé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ìwọ tí o kórìíra òfin ilé wa wá ń pa òfin pépà mọ́.

Fojú inú wo bí màmá wa ṣe máa ń fi ìnáwó lé alásè lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń rìnrìn-àjò. Wọ́n á ka àpò ìrẹsì, wọ́n á sọ iye tí alásè lè fi kún un tí èrò bá pọ̀, wọ́n á sọ ibi tí oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù máa lọ, wọ́n á sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe tí òjò bá da gbogbo rẹ̀ rú. DISP tó ń bí ọ nínú nìyẹn. DISP=(NEW,CATLG,DELETE) ń sọ pé fáìlì tuntun ni, tí iṣẹ́ bá parí dáadáa kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú kátálọ́ọ̀gì, tí iṣẹ́ bá ṣubú kí ẹ pa á rẹ́. SPACE=(CYL,(10,5)) ń sọ pé ẹ fún un ní sílíńdà 10, tó bá kún, ẹ fi márùn-ún márùn-ún lé e. Python rẹ kì í bi ọ́ ní irú ìbéèrè báyìí, ó máa ń dúró dìgbà tí díìsìkì bá kún kó tó pariwo. JCL ń bi ọ́ ṣáájú, o ní ó ti le jù.

Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ni o kò tíì rí. Wo prógíráàmù COBOL tí wọ́n fún ọ. Wá orúkọ fáìlì tòótọ́ nínú rẹ̀, o kò ní rí i. INFILE lásán lo máa bá níbẹ̀. JCL ló ń sọ, lórí ìlà //INFILE DD, pé fáìlì báyìí ni INFILE tòní. Lọ́la, ẹ lè fi fáìlì ìdánwò síbẹ̀, lọ́tùnla kí ẹ fi ti owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan prógíráàmù. Àwọn tó ṣe é ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ohun tí iṣẹ́ ń jẹ ọ̀tọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ ṣì ń kọ orúkọ fáìlì mọ́ àárín prógíráàmù wọn di òní.

Ní ti prógíráàmù tó ń jẹ́ IEFBR14, má bi mí mọ́ bóyá òótọ́ ni pé kì í ṣe nǹkan kan. Òótọ́ ni. Wọ́n á pè é, á sì padà síbi tí wọ́n ti pè é. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó pè é, ó gbọ́dọ̀ pèsè gbogbo fáìlì tí o kọ sábẹ́ rẹ̀, tó bá sì parí, ó gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn bí DISP ṣe wí. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi dá fáìlì sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi pa á rẹ́. Gbọ́ èyí kí o rẹ́rìn-ín díẹ̀: àṣẹ kan péré ló wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àṣìṣe wà níbẹ̀! Kò sọ register 15 di òdo, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ti ń ka èsì iṣẹ́, nítorí náà èsì tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé jáde. Wọ́n ní láti fi àṣẹ kejì kún un. Nígbà tí ènìyàn lè ṣe àṣìṣe nínú àìṣe nǹkan kan, kí ni ìwọ ń torí àlàfo kan sunkún sí?

COND, tó ń pinnu bóyá ìgbésẹ̀ kan nínú iṣẹ́ máa wáyé, ni mi ò ní gbèjà. Ẹni tó ṣe é ṣe wá níkà. COND=(4,LT) ń sọ pé tí 4 bá kéré sí èsì ìgbésẹ̀ kan tó ti ṣáájú, kí ẹ̀rọ fo ìgbésẹ̀ yìí dá. O rò pé ò ń sọ ìgbà tó máa ṣiṣẹ́ ni, àṣé ìgbà tí kò ní ṣiṣẹ́ lò ń sọ. Lo IF àti ENDIF nínú èyí tí o bá fọwọ́ ara rẹ kọ. Àmọ́ kọ́ COND náà, torí nínú iṣẹ́ àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lo máa ti pàdé rẹ̀.

O tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì bìkítà fún iṣẹ́ òru, ìyẹn iṣẹ́ batch tí ẹ̀rọ ń dá ṣe lóru. Bi àwọn oníbàárà báǹkì RBS, NatWest àti Ulster Bank. Ní oṣù kẹfà 2012, àtúnṣe sọ́fítíwià tó ń to iṣẹ́ batch wọn lẹ́sẹẹsẹ gba ọ̀nà òdì. Owó kò wọlé, owó kò jáde, àwọn tí wàhálà náà kàn lé ní mílíọ̀nù 6.5, àwọn ti Ulster Bank ló sì pẹ́ jù nínú ìyà. Ní 2014, àwọn aláṣẹ Bìrìtéènì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 56 pọ́n-ùn lé àwọn báǹkì náà. Kì í ṣe JCL ló jẹ̀bi, mo mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ pé ìṣirò owó wọn ń dúró de òru.

Tí o bá fẹ́ máa ṣubú níbi tí màmá onítíì kò ti ní rí ọ, wa Hercules, sọ́fítíwià tó ń ṣe bíi mainframe, sórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o fi MVS 3.8, ètò ìṣiṣẹ́ mainframe àtijọ́, sí i. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. IBM Z Xplore náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó fẹ́ kọ́ mainframe. Kí o sì máa kọ TYPRUN=SCAN sórí ìlà JOB nígbà tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀. Ẹ̀rọ máa yẹ gírámà rẹ wò láìṣe iṣẹ́ náà. Má wulẹ̀ retí pé ó máa sọ fún ọ bóyá fáìlì rẹ wà níbẹ̀, ìyẹn kò kàn án.

Kí o tó pè mí lọ́jọ́ Àìkú, dáhùn èyí. Ìgbésẹ̀ kìíní parí pẹ̀lú èsì 8. Lórí ìlà EXEC tó pe ìgbésẹ̀ kejì, mo kọ COND=(8,LE). Ṣé ìgbésẹ̀ kejì máa ṣiṣẹ́ àbí kò ní ṣiṣẹ́? Má bi Google. Tí o bá gbà á, n ó pè ọ́ ní ọ̀gá JCL lójú gbogbo ẹbí. Fi ìdáhùn náà sórí ìlà kan ṣoṣo, kó má kọjá òpó 71.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ