Fídíò Rìn, Àwa Jókòó

Ẹ bá mi kí àwa Yorùbá Prince George's County ní Amẹ́ríkà kú iṣẹ́ takuntakun. Láti Bowie dé Hyattsville, láti Lanham dé Upper Marlboro, a ti rí ọgbọ́n kan dá tí àwọn oníṣègùn kò tíì rí: à ń ṣe eré ìdárayá láì dìde lórí àga.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Láàárọ̀ Sátidé, bùrọ̀dá kan yóò ju fídíò sórí WhatsApp ẹgbẹ́: dókítà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ní kí gbogbo ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún máa rìn. Àǹtí kan yóò pàtẹ́wọ́ mẹ́fà sí i. Ẹlòmíràn yóò ṣe "Àmín". Akọ̀wé yóò fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́rin mìíràn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, fídíò ti rìn dé Houston, ó ti gba Peckham kọjá, ó ti wọ Ìbàdàn. Àwa tí a rán an níṣẹ́ kò tíì wọ bàtà.

Aago tó ń ka ìṣísẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. 10,000 ló ń béèrè lójúmọ́. Iye yẹn kò ti ọ̀dọ̀ dókítà wá. Orúkọ ọjà ni, láti ara ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń tà ní Japan ní 1965. Ìwádìí tí I-Min Lee ti Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn àgbà obìnrin, tó jáde ní 2019, fi hàn pé lẹ́yìn nǹkan bí 7,500, èrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Ó bọ́ sí wa lọ́wọ́! Lóde àríyá, bí a bá ń náwó fún olórin, ọrùn ọwọ́ a máa jù, aago a sì máa ka dọ́là ní ìṣísẹ̀. A ti rìn jìnnà láì kúrò níwájú báńdì.

Kì í ṣe pé kò síbi tí a lè rìn. Owó páàkì wà nínú owó orí ilé tí à ń san. M-NCPPC, àjọ páàkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé owó orí náà gbàgàdà. Greenbelt Park, igbó tó lé ní 1,000 éékà, ti ìjọba àpapọ̀ ni, kò sí owó ẹnu ọ̀nà. Ní Lake Artemesia, ibi tí wọ́n ti wa yanrìn fún ojú irin Metro ni wọ́n sọ di adágún, wọ́n sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí i ká. Yorùbá tí kì í kúrò lóde láì di jọlọ́ọ̀fù lọ sílé ló wá fi páàkì tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ajá òyìnbó.

Àwọn èèyàn wa ní eégbọn wà níbẹ̀. Ó wà lóòótọ́: ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ẹ yẹ ara wò tí ẹ bá délé. Wọ́n ní iṣẹ́ òru ń pa àwọn. Ẹni tó tọ́jú arúgbó mọ́jú, ó yẹ kó sùn. Ṣé ó wá sùn? TikTok ló ń wò. Òòrùn ńkọ́? Awọ dúdú ń fẹ́ ẹ ju awọ funfun lọ kí ara tó rí fítámì D ṣe, àwa sì ti ta kọ́tìnì bo fèrèsé, à ń ra fítámì D nínú ìgò.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ má wáyé lórí Zoom mọ́. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní Artemesia, ká fi fóònù sínú mọ́tò, ká máa rìn, ká máa jíròrò. Alága tó bá fẹ́ tún ṣàlàyé ohun tí a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó máa ṣàlàyé. Èémí rẹ̀ ni yóò bá wa sọ fún un pé ó tó.