Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀, Odidi Wàhálà

Ìbánisọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu nìkan. Ẹnìkan ní ohun kan lọ́kàn. Ó wá ọ̀rọ̀ tàbí àmì tó lè gbé e. Ó rán an gba ojú ọ̀nà kan, ì báà jẹ́ afẹ́fẹ́, ìwé, ìlù tàbí fóònù. Ẹlòmíràn gbà á, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì fèsì. Nínú gbogbo ìrìn yìí, iṣẹ́ olùgbọ́ ló wúwo jù, àwọn àgbà Yorùbá sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó di ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe náà kò ní ká máa sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé. Ó yan ẹni tí à ń sọ ọ́ fún, ó sì sọ ibi tí ààbọ̀ tó kù wà: inú olùgbọ́. Bí inú náà bá ṣófo, tàbí tó jẹ́ nǹkan mìíràn ló kún un, odidi tí yóò jáde kò ní jọ ohun tí olùsọ ní lọ́kàn.

Ní ọdún 1948, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí ìròyìn ṣe ń gba ojú wáyà kọjá. Ariwo tó ń ba ìròyìn jẹ́ lójú ọ̀nà ló ká a lára. Ohun tí ìròyìn náà túmọ̀ sí kò kan iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ó ṣírò pé nínú Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn ń kọ sílẹ̀, nǹkan bí ìdajì ni ètò èdè náà ti pinnu fúnra rẹ̀. Ìdajì tó kù ni òǹkọ̀wé ń yàn. Ààbọ̀ náà ni àwọn àgbà wí, láìní wáyà, láìní ìṣirò.

Àrokò ni ẹ̀rí tó dájú jù. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kí wọ́n dojú kọ ara wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé nìyẹn. Ọmọ tó gbé e lọ lè má mọ ohun tó ń gbé. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó gbà á mọ ohun tó kàn, nítorí pé òun àti ẹni tó fi ránṣẹ́ ti jọ mọ àdéhùn náà tipẹ́. Bó bá ṣìnà dé ọwọ́ àjèjì, owó lásán ló rí, ó sì lè fi ra ẹ̀kọ jẹ.

Dùndún náà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ohùn nìkan ló ń gbé, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì ti bọ́ dànù. Nítorí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló ní ohùn kan náà, onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ìhòòhò. Oríkì àti òwe tí etí ti mọ̀ ló fi ń yí i ká, kí olùgbọ́ má baà ṣìnà. Ẹni tó ń fi fóònù kọ Yorùbá lónìí gbé ààbọ̀ kejì: ó mú lẹ́tà, ó da ohùn nù. Onílù a máa fa tirẹ̀ gùn. Òun a tún gé tirẹ̀ kúrú. "Mo ti ra oko" dé sórí WhatsApp ẹbí láìsí àmì kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n kan ti ń kí i kú oríire mọ́tò tuntun, àbúrò kan ti ń béèrè ìgbà tí yóò gbé òun dé Ìbàdàn, ẹlòmíràn sì ti ń ṣírò iye ẹ̀gẹ́ tí ilẹ̀ náà lè gbà. Ọkọ́ tí yóò fi ro ẹ̀yìnkùlé ló rà. Òun náà ló tún wá ń bínú pé ẹbí òun kì í fara balẹ̀ kàwé.

Ti ìránṣẹ́ ló burú jù. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán ní láti yẹ iṣẹ́ náà wò, kó tún èyí tó le ṣe, kó sì jíhìn bó bá bàjẹ́. Ìránṣẹ́ òde òní ti rí ọ̀nà àbáyọ. Orí ìròyìn ló ń kọ ọ́ sí: "Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ó tán. Ẹni tó kọ ọ́ kò lórúkọ, ẹni tó fi ránṣẹ́ kò lẹ́bi, olùgbà nìkan ló kù.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ìròyìn ti ń gba orí fóònù kiri Nàìjíríà pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn má baà mú un. Ẹni tó bá wo ọ̀nà tí ìròyìn náà gbà kò ní rí ibi tó ti já: olùsọ sọ ọ́, ẹ̀rọ gbé e, ó yé olùgbọ́ yékéyéké, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Lójú ìṣirò Shannon, iṣẹ́ náà pé. Ní àárín oṣù yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nípa omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Kì í ṣe ọ̀tá ló ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá ni, ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀rẹ́ ni. Olùgbà kò yẹ ọ̀rọ̀ wò, ẹni tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ló wò.

Ó wá ku èsì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí pé bí ojú olùgbọ́ bá yí padà, olùsọ a tètè tún tirẹ̀ ṣe. Lórí fóònù, ojú kò sí. Àmì aláwọ̀ búlúù méjì ló wà, èyí tí WhatsApp mú wá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Ohun tí àmì náà ń sọ kò ju pé wọ́n ti ṣí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n olùgbà ṣí i láago mẹ́wàá, aago méjìlá lù, kò fèsì: ó ti ń fojú di èèyàn nìyẹn, tàbí ó ti rí ẹlòmíràn. Pé ọbẹ̀ ló ń jó lórí iná kì í sí nínú àròyé. Àgbàlagbà kan sì wà tó kọ ìwúre gígùn sí ọmọ àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ pé àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni èsì. Bàbá ń pe ìpàdé ẹbí lórí àrífín. Ọmọ rò pé òun ti dọ̀bálẹ̀.

Àwọn tó ni ẹ̀rọ ló wá gba iṣẹ́ àgbà ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, WhatsApp fi òfin dè é kárí ayé pé ẹnikẹ́ni kò lè ta ìròyìn kan látaré sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n dín ti ìròyìn tó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kù sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ ta irọ́ ká ṣì lè ṣe é. Ó kàn ní láti máa yan ẹbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni.