Ẹ̀yìn Ló Dàgbà

Ẹ wá wo Seiko 6309 kan, aago òmùwẹ̀, tí wọ́n ń tà ní iye àgbà nítorí pé 1978 ni wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ tuntun, ọwọ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tuntun, gíláàsì tuntun, òrùka tó yí i ká tuntun. Ara aago mìíràn ni wọ́n ti tú ẹ̀rọ inú rẹ̀. Irin ẹ̀yìn nìkan ló mọ 1978. Kẹ́yìn ṣáà ti dára! Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀ pé omi kò ní wọ̀ ọ́ títí dé mítà 150. Atúnaagoṣe fi rọ́bà tuntun dí i, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́." Owó ẹni tó rà á nìkan ló tíì rì dé mítà 150.