Irinwó Oní-Dòdò

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan dé láti yunifásítì lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò ìrẹsì lé èjìká. Inú mi dùn, mo ti ń ké sí àwọn ará ilé pé kí wọ́n gbé omi kaná. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ má bínú, ìwé ni. Irinwó ìwé ìbéèrè."

Oyè másítà nínú ìmọ̀ ìṣòwò ló ń kà. Ó ti ṣe gbogbo ìdánwò tán, pírọ́jẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù. Àkọlé rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú irin: "Ipa Ìṣàkóso Owó Òwò lórí Èrè Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ìwádìí lórí Àwọn Oní-dòdò Ìlú Ìkirè." Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé irinwó oní-dòdò wà ní Ìkirè.

Ó wò mí tàánútàánú. "Taro Yamane ni, Bàbá Kékeré."

Ẹni tí kò bá mọ Taro Yamane, kó má wulẹ̀ wá a lọ sí Àpòmù tó wà lẹ́bàá Ìkirè. Onímọ̀ ìṣirò ni. Ìwé rẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń dárúkọ, ti ọdún 1967 ni, n kò sì tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó fojú kan èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin inú rẹ̀ kò le. Mú iye àwọn tí o fẹ́ wádìí nípa wọn, fi 0.0025 sọ ọ́ di púpọ̀, fi ení kún un, kí o wá fi ohun tó bá jáde pín iye àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 1,000, èèyàn 286 ni wàá bi léèrè. Bí wọ́n bá jẹ́ 10,000, wọ́n di 385. Bí wọ́n bá di mílíọ̀nù kan, 400. Kó gbogbo ọmọ Nàìjíríà jọ sí pápá kan, 400 náà ni. Igba irúnmọlẹ̀ ọ̀tún, igba irúnmọlẹ̀ òsì: àwọn babaláwo ti ṣe ìṣirò yìí tán kí wọ́n tó bí Yamane.

Ṣùgbọ́n ká ní oní-dòdò ọgọ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ yẹn. Òfin kan náà ní 52 ti tó. Ohun tí òfin náà sì tún ń fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ, ni pé kí orúkọ gbogbo wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ, kí o wá ṣẹ́ gègé láàárín wọn, kó má jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sítòsí ibi tí ọkọ̀ já ọ sí nìkan ni ìwé rẹ máa bá. Ọmọ wa kò ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Irinwó ló ní.

Mo gba Orí Kejì lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tó ti yẹ kó ròyìn ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ ti sọ ṣáájú. Lágbájá (2011) ní owó òwò ṣe pàtàkì. Tàmẹ̀dò (2014) ní lóòótọ́, owó òwò ṣe pàtàkì. Làkáṣègbè (2017) ní òun kò lòdì sí i. Mo bi í pé èwo nínú wọn ló ń bá èwo jà, torí ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni iṣẹ́ máa ń wà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní kò sí ìjà rárá, èèyàn àlàáfíà ni gbogbo wọn.

Nígbà tí mo dé ojú ewé 41, mo rí i pé etí odò Kàdúná ni Ìkirè wà. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà, Kàdúná ló ti ṣe tirẹ̀, àwọn télọ̀ ló sì fi ṣe é. Ọmọ wa kàn ní kí kọ̀ǹpútà bá òun yí "télọ̀" padà sí "oní-dòdò" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn. Bí àwọn oní-dòdò Ìkirè ṣe di ẹni tó ń fi máṣíìnì ká ẹnu ṣòkòtò nìyẹn.

Mo ní kó dìde, ká lọ sí ojú títì.

Ìyá tí a bá níbẹ̀ ń dáná lọ́wọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti pọ́n kọjá pípọ́n, èèpo rẹ̀ dúdú, ó rọ̀ débi pé bí o bá mú un, ìka rẹ á wọ̀ ọ́. Irú èyí tí ìyàwó ilé máa ń kó dànù nìyẹn. Ó ti gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, ó ń dín in nínú epo pupa, ó sì ń fọwọ́ mọ èyí tó jinná, orí rẹ̀ ń ṣe ṣóńṣó bí òkòtó. Ọmọ wa kí i dáadáa, mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ìwé.

"Màmá, ṣé ẹ gbà gidigidi, ẹ gbà, ẹ kò lè sọ, ẹ kò gbà, àbí ẹ kò gbà rárá, pé ìṣàkóso owó òwò ní ipa tó nítumọ̀ lórí èrè?"

Ìyá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé dòdò lo fẹ́ rà, àbí kọ́ọ̀tù lo fẹ́ mú mi lọ?"

Rensis Likert tó dá irú ìbéèrè onípele márùn-ún yìí sílẹ̀ ní 1932 kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò ná dòdò rí. Mo ní kí ọmọ yìí fi bírò sápò. Èmi ra dòdò, mo jókòó lórí àpótí, mo ní, "Màmá, báwo lọjà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá yìí sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́, òun ni òun ń fẹ́. Àdánù tiwọn ni ọjà tòun ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ó ń wu òun, wọ́n á gbówó lé e, nítorí náà òun á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ata lòun wá rà. Àwìn ló ń gba epo, ọlọ́jọ́ márùn-ún ló sì ń san án. Bí epo bá wọ́n, kì í fi kún owó dòdò, torí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní sọ̀kalẹ̀ wá nájà pẹ̀lú rẹ̀. Òkòtó ló ń dín kù. Èrè kì í sùn lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ alájọ ló ń sùn, "kí àwọn ọmọ má baà rí i."

Ẹ gbọ́ ná, kí ló tún kù nínú ìṣàkóso owó òwò? Ibi tí ọjà ti ń wá, ẹni tó ń dáni láwìn, ọjọ́ tí gbèsè ń pé, ibi tí wọ́n ń pa owó mọ́ sí, ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí iye owó, gbogbo rẹ̀ pé sẹ́nu ìyá yìí. Mo bojú wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní kò sí àpótí tí wọ́n máa fi àmì sí fún irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà, Gloria Marshall, tó di Niara Sudarkasa lẹ́yìn náà. Ó fẹ́ mọ bí obìnrin Yorùbá ṣe ń ṣòwò. Ó wá sí Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní 1961, ó bá wọn gbé, ó bá wọn nájà, ó di 1962. Ìwé rẹ̀ kò jáde títí di 1973. Ọmọ tiwa dé Ìkirè láàárọ̀, ó ní òun fẹ́ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ọ̀nà kò dára.

N kò tètè mọ̀ pé ó ti tẹ Orí Karùn-ún tán kó tó wọkọ̀ wá. Èsì ti wà nílẹ̀, ìbéèrè ló ń wá ẹni tó máa gbà á. Ìwà yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè wa. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ pé kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, oníṣòwò ni, Àpòmù ló sì ti ta ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ rìnrìn àjò sóko ẹrú. Báálẹ̀ Àpòmù jẹ ẹ́ níyà. Nígbà tó gorí ìtẹ́, wọ́n bi í gẹ́gẹ́ bí àṣà pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ogun àkọ́kọ́ rẹ̀ máa dojú kọ. Kò ronú rárá: Báálẹ̀ Àpòmù ni. Báálẹ̀ pa ara rẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Ìwádìí ti parí nìyẹn.

Ọjà ìlú Àpòmù kan náà ni ìjà ti ṣẹ́ lórí iye atare ní nǹkan bí ọdún 1820, tó di ogun Òwu. Mo rán ọmọ yìí létí pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń purọ́ iye nìyẹn o. Ó ní òun gbọ́, kò sì padà mọ́ lọ́jọ́ náà. Lóru ọjọ́ náà, mo fẹ́ lọ tọ̀, mo rí iná lábẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bírò aláwọ̀ búlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀, dúdú wà létí rẹ̀, pupa wà lórí ẹní. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ti àwọn arúgbó. Kí àkùkọ tó kọ, irinwó oní-dòdò ti dáhùn tán. Òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀kànlénírinwó.

Ó kó wọn lọ fún àwọn tó ń fi SPSS ṣe ìṣirò ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Wọ́n wọn ohun tí wọ́n ń pè ní Cronbach's alpha fún un. Lee Cronbach ló gbé e jáde ní 1951, láti fi mọ̀ bóyá àwọn ìbéèrè inú ìwé kan ń bára wọn sọ ohun kan náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì fi 0.70 ṣe ẹnu ààlà. Tirẹ̀ jẹ́ 0.97. Ó fò sókè. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dáhùn fún irinwó èèyàn, kí ló fẹ́ mú kí ọ̀rọ̀ wọn má bára mu?

Lẹ́yìn èyí ló sọ fún ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọdún kan kún àkókò òun, pé wọ́n fọ ṣòkòtò òun pọ̀ mọ́ fláàṣì tí iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Johnson tí mo ń sọ yìí parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba ní 1899, ó wọ igbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ó fi í sínú ọkọ̀ òkun Appam ní oṣù kìíní ọdún 1916, ni àwọn Jámánì bá gba ọkọ̀ náà lójú agbami, wọ́n gbé e gba Amẹ́ríkà lọ. Síbẹ̀, ìwé jáde ní 1921. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ló borí tiwa.

Wọ́n ti báíńdì pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà báyìí. Èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n fi góòlù kọ orúkọ sí i, ó sì gba ìjọba nímọ̀ràn lọ́nà méje pé kó ṣe ìrànwọ́ fún àwọn oní-dòdò. Nínú méjèèje, kò sí èyí tó mẹ́nu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mú àkọlé, ìyá yẹn ṣì wà lẹ́bàá títì. Ẹ fi àpò ìrẹsì sílé. Kí ẹ sì kọ́kọ́ ra dòdò o.