Òkú Igi Kì Í Sá

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yan iṣẹ́ ìwádìí tó gba agbára. Ọ̀kan ń ka erin, òmíràn ń lé àdán kiri lóru. Èmi yan òkú igi. Òkú igi kì í sá, kì í ta èèyàn, kì í bu èèyàn jẹ. Ibi tí ẹ bá fi í sí lánàá lẹ ó bá a lónìí. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹni tó ń ka erin ní yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè wo ojú rẹ̀ dáadáa mọ́.

Lórí ìwé, iṣẹ́ náà kò díjú. Láti ìgbà tí igi bá ti hù ló ti ń fa kábọ́ọ̀nù mu láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá wó, kábọ́ọ̀nù yẹn kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà: olú, kòkòrò àti ikán ni yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa padà sínú afẹ́fẹ́. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2021 fi hàn pé nínú igbó ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, òkú igi ń pàdánù nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní igbó olótùútù tó wà ní àríwá ayé, kò tó ìdá 4. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú igbó kan kò lè wo igi tó dúró nìkan. Ó gbọ́dọ̀ wo èyí tó dùbúlẹ̀ náà.

Igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n rán mi lọ. Láti 1946 ni ìjọba ti ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó tí wọ́n ń dáàbò bò ní 1977. Erin ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá Ọdẹ tó ń mú mi wọgbó a máa na ìka sí ìgbẹ́ erin, á ní, "Tuntun ni." N kì í bi í bó ṣe mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń yá.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ìtì igi nìyí. Ẹ ó ta okùn gbọọrọ kan gba inú igbó kọjá. Ìtì tí okùn bá kọjá lórí rẹ̀, tó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ ó wọn ìbú rẹ̀ ní ojú ibi tí okùn ti kàn án gan-an. Van Wagner, ará Kánádà, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1968, nítorí ó fẹ́ mọ iye igi tí iná igbó lè rí jó. Ẹ fi ìbú kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ wá pín in fún gígùn okùn, ó ku ìṣirò kékeré kan, ó parí. Gígùn igi kò tilẹ̀ kàn yín.

Téèpù àǹtí mi tó ń ránṣọ ni mo mú dání. Mo ń fi í yí ìtì ká bí ìgbà tí àǹtí bá ń wọn ìbàdí oníbàárà, mo sì ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ igi kí téèpù lè kọjá, níbi tí ìjàlọ ti kọ́kọ́ mọ̀ mí. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ ni ìyíká; ìbú láti etí dé etí ni Van Wagner ń béèrè. Ìyíká fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ju ìbú lọ. Bí iye yẹn bá tún wá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, òkú igi inú ìwé mi di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà nínú igbó. Ọ̀gá mi wo iye náà títí. Ó ní, "Ibo lẹ wá ń gbà kọjá, ìwọ àti bàbá yẹn?"

Ti àdá ló tún ṣẹlẹ̀. Àdá ni wọ́n fi ń dán igi wò ní ilẹ̀ olóoru: bó bá ta padà, igi ṣì le, bó bá wọlé díẹ̀, igi ti ń rà, bí igi bá fọ́ sílẹ̀, ó ti rà tán. Nǹkan kékeré kọ́ o, nítorí ibi tí igi bá bọ́ sí nínú mẹ́ta yìí ló ń sọ bó ṣe wúwo sí, òun náà ló sì ń sọ iye kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Ìwé tí mo kà kò sọ irú apá tó yẹ kó gbé àdá. Èmi tó jẹ́ pé bíróò ni mo mọ̀ ọ́n gbé, gbogbo igi tí mo sá, àdá ta padà. "Ó le," ni mo ń kọ. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo gbé àdá fún Bàbá Ọdẹ. Bàbá sá ìtì arère kan, ó pín sí méjì. "Ó ti rà tán," mo kọ ọ́. Bàbá sá òmíràn, òun náà pín. Igbó tó le koko láàárọ̀ ti jẹrà tán kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ó rò pé mo fẹ́ kí òun bá mi la igi ni.

Mo gba àdá padà, mo fi ìbínú sá ìtì kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Àwọn oyin tó ni ilé jáde wá kí mi. Bí igi bá ní ihò, ó yẹ kí a wọn ihò náà, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ihò yẹn ṣì wà nínú ìṣirò mi. N kò padà débẹ̀.

Àwọn ẹ̀là igi tí mo kó wálé ńkọ́? Ó yẹ kí n gbẹ wọ́n nínú ààrò ilé ìwádìí ní dígírì 105 títí ìwọ̀n wọn kò fi ní yí mọ́, torí nǹkan bí ìdajì igi gbígbẹ ni kábọ́ọ̀nù. Iná kò sí, ojú sì ń kán mi; mo wọn wọ́n ní tútù. Igi tó ti ń rà a máa mu omi lásìkò òjò, omi inú òmíràn sì wúwo ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Omi òjò lásán ni mo ń kọ sílẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù.

Ìyẹn ṣì ṣeé tún ṣe. Ti ìtì ayùnrẹ́ ni kò ṣeé tún ṣe. Mo ti fi ìṣó kan irin pẹlẹbẹ tó ní nọ́ńbà mọ́ òun àti àwọn ìtì mìíràn létí igbó, nítòsí abúlé, kí n lè máa wá wò bí wọ́n ṣe ń jẹrà. Nígbà tí mo padà, ayùnrẹ́ ti kúrú. Nígbà tí mo tún dé, kò sí mọ́. Ẹ̀là wẹ́wẹ́ funfun ló kù nílẹ̀. Mo sì ti kà nípa olú tó ń sọ igi di funfun bó bá ń jẹ ẹ́! Mo ti kà nínú Science ti 2022 pẹ̀lú pé bí ooru bá fi dígírì 10 lé sí i, iṣẹ́ tí ikán ń ṣe lára òkú igi á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méje. Mo pa olú pọ̀ mọ́ ikán, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi ti jẹrà tán pátápátá. Mo ti ń ronú irú agbádá tí n ó wọ̀ lọ gba ẹ̀bùn. Ọ̀gá mi ní kí n lọ mú olú náà wá.

Ibi tí mo ti ń wá olú kiri ni mo ti rí ọmọdé kan tó so irin mi mọ́ ọrùn, nọ́ńbà ń dán lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń yan gààrí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lọmọ yín ti rí irin yìí?"

"Ara igi ni. Àbí ìwọ lo kàn án mọ́ ọn? Ìṣó rẹ ti ba ẹnu àáké mi jẹ́."

Mo ní ẹ má bínú, ìwádìí ni. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí igi yẹn máa jẹrà tán ni.

"Kí ló fẹ́ kó jẹrà fún, nígbà tó gbẹ?"

Ó bu gààrí gbígbóná fún mi, mo dúró jẹ ẹ́. Ayùnrẹ́ mi ló yan án. Ìyá wá ń ka àwọn ìtì yòókù fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ gbé, èyí tí wọ́n gbé lọ fi se oúnjẹ òkú, èyí tí òun gbá ní ìdí àáké tó dún bọ̀ọ̀, tí òun fi sílẹ̀ fún ikán. Kò sí ìkankan tó ṣì í nínú wọn. Ìwé mi kò ní ìdajì ohun tó wà lórí ìyá yìí.

Nínú ìlànà IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, igi ìdáná tí wọ́n bá gbé jáde nínú igbó ní ìṣirò tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti èyí tó jẹrà. Èmi ni mi ò ka ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá tún ń bọ̀ wá wọn òkú igi ní Omo, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó ń yan gààrí kí ẹ tó ta okùn. Ẹ má sì kan ìṣó.