Ohùn Ọ̀gá Wálẹ̀ Díẹ̀

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ kilarinẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò pọ̀: fọn ún kó lọ geere, má sì kọjá ibi tí pásítọ̀ bá orin dé. Síbẹ̀, ìgbéraga tí mo gbé wọ Túrkì tó fún odindi ẹgbẹ́ akọrin. Yunifásítì ló gbé mi dé Edirne, ní apá Túrkì tó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Fíìmù tí Fatih Akin ṣe ní 2005 nípa orin Istanbul ló gbé mi dé ìlú Keşan; nínú rẹ̀ ni Selim Sesler ti ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń bá ìyàwó jà tó tún ń bẹ̀ ẹ́. Ìtòsí Keşan ni wọ́n bí Sesler sí. Ó ti kú ní 2014 kí n tó dé, ṣùgbọ́n àwọn Roman, ìran tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi orin jẹun káàkiri Túrkì àti Balkan, ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Mo wá bàbá kan rí láàárín wọn, mo ní kó gbà mí lọ́mọṣẹ́. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ti wà nínú àpótí mi láti ilé. Kilarinẹ́ẹ̀tì onígi dúdú tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní B-flat, ni mo gbé lọ. G ni tiwọn: ó gùn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tèmi lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ onírin. N kò mọ̀. Mo tẹjú mọ́ ìka ọ̀gá, ibi tó bá fi ìka sí ni mo ń fi tèmi sí. Ìka wa bára mu, ohùn wa kò bára mu rárá. Ibi yòówù kó fọn ún sí, tèmi á ti gun orí rẹ̀ jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu darbuka rọra gbé ìlù sílẹ̀, ó jáde lọ fa sìgá.

Nígbà tí mo ra onírin tèmi tán, ó yẹ kí n panu mọ́. Olùkọ́ ni mo dà. Wọ́n ń ṣe orin kan ní makam Uşşak, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ohùn orin, ohùn kejì nínú rẹ̀ sì ń gún mi létí. Kò lọ sókè tó. Mo fara dà á, kò ṣeé fara dà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ohùn yín wálẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Kó má baà dà bíi pé mo ń parọ́, mo yọ fóònù, mo fi áàpù tó ń wọn ohùn hàn án. Mo tún fi ìtàn tì í: mo ní ohun èlò àwọn Òyìnbó ni kilarinẹ́ẹ̀tì, pé nígbà tí Sultan Mahmud Kejì fọ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Janissary ká ní 1826, ó mú Giuseppe Donizetti wá láti Ítálì ní 1828 kó lè kọ́ ẹgbẹ́ olórin ààfin tuntun, nítorí náà ó yẹ kí a wọn ohùn bí àwọn Òyìnbó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo ìtàn yẹn, òótọ́ ni. Ohun tí mo fi í jẹ́rìí sí ni kò dára.

Ọ̀gá kò fọhùn. Ó ṣẹ́jú sí oní-faolíìnì, ìyẹn fa ohùn kejì náà: ó wálẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí ẹni tó ń ta kanun, ohun èlò olókùn púpọ̀, tiẹ̀ náà wálẹ̀, síbi kan náà gan-an. Ìgbà yẹn ni mo tó rí àwọn irin wẹ́wẹ́ tó tò sábẹ́ okùn kanun, tí wọ́n ń pè ní mandal. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀ níwọ̀n bíńtín. Àwọn onímọ̀ orin wọn pín ààyè tó wà láàárín dò àti rè sí ọ̀nà 9, èmi sì ń fi fóònù tó mọ ọ̀nà 2 péré ṣe adájọ́. Wọ́n bu tíì fún mi. N kò rí i mu.

Mo fọkàn sí i pé ìlù á gbà mí. Ọmọ Yorùbá, ta ni yóò fi ìlù dẹ́rù bà mí? Níbi ìgbéyàwó kan, wọ́n fà á sí 9/8, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Méjì, méjì, méjì, mẹ́ta ni tiwọn. Àǹtí ìyàwó tó ń jó níwájú mi gbé ẹsẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́ mi, ló bá kọsẹ̀, ó sì bojú wò mí bí ẹni pé mo jí bàtà rẹ̀. (Ní òdìkejì ààlà, ní Bùlgáríà, àwọn onífèrè bíi Ivo Papasov ń fọn orin ijó kopanitsa tó jẹ́ 11, méjì, méjì, mẹ́ta, méjì, méjì, ní eré àsápajúdé. N kò jẹ́ sún mọ́ ààlà yẹn.)

Owó nìkan ló kù tí mo lè fi tún ara mi ṣe, ọpẹ́ ni pé wọ́n ń náwó fún olórin níbẹ̀ bíi ti ilé: wọ́n ń lẹ owó mọ́ onífèrè níwájú orí. Mo dìde, mo gbá agbádá tí n kò wọ̀ sórí èjìká. Òógùn kò jẹ́ kí owó mi lẹ̀. Kí n má baà tẹ́, mo ká a pọ̀, mo kì í bọ ẹnu ìsàlẹ̀ kilarinẹ́ẹ̀tì ọ̀gá, gbọnyingbọnyin. Ihò tó wà lára ohun èlò yẹn ni ọ̀pọ̀ ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ nìkan, níbi tí gbogbo ihò bá ti dí pa, ni kò ní ọ̀nà mìíràn ju ẹnu ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀gá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè, ìyá ìyàwó ti ń nu ojú, ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Fùùù.

Ó fa owó náà yọ, ó tò ó dáadáa, ó kì í bọ àpò. Ó wá gba kilarinẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó na àpò ọ̀rá kan sí mi, ó sì nàka sí ilẹ̀ níbi tí owó ti tú ká. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á. Lábẹ́ ẹsẹ̀ oníjó, láàárín bàtà gogoro, kò sí ẹyọ kan tó bọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí inú òde àríyá ni mo dàgbà sí.

Nígbà tí ìgbéyàwó mìíràn dé, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní kí n tètè dé, kí n mú àpò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dání, kí n sì fi kilarinẹ́ẹ̀tì sílé.